Ẹ̀rù Ọmọdé Lórí Àga Dókítà Eyín: Lẹ́tà sí Àbúrò Mi

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á tán kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Inú mi dùn pé wọ́n ti fi yàrá ìtọ́jú àwọn ọmọdé sí ìkáwọ́ rẹ. O ní ọ̀gá yín ti gbà kí ẹ ra ẹ̀rọ VR, èyí tí wọ́n ń dé sójú, tí ẹni tó jókòó sójú kan á máa rí ara rẹ̀ ní ibòmíràn. O wá bi mí bóyá owó náà kò ní ṣòfò, àti bí o ṣe lè lò ó kí ẹkún lè dínkù lórí àga yín.

Ẹ rà á. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé ẹ̀rọ náà lè gbé ọkàn ọmọ kúrò níbi ìrora fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ọmọ fọkàn tán ọ. Ẹnu rẹ àti ọwọ́ rẹ lo máa fi wá ìfọkàntán yẹn. Bí o bá ti rí i gbà lọ́wọ́ ọmọ, VR á ràn ọ́ lọ́wọ́ gidigidi. Bí o kò bá tíì rí i gbà, ńṣe lo kàn di ọmọ lójú, tí o sì ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀rù ọmọdé kì í ṣe àgídí, kì í sì í ṣe àkẹ́bàjẹ́. Wo ohun tí à ń ní kó ṣe: kó sùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tó fi ìbòmú bojú, tó tan iná sí i lójú, kó la ẹnu sílẹ̀, kó má lè sọ̀rọ̀, kí omi máa dà sí i lọ́fun, kí ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ eyín máa ké, kí igbe rẹ̀ sì máa gba inú egungun àgbọ̀n dé etí. Àgbàlagbà tó mọ ìdí abájọ pàápàá ń di àga mú. Tún wo irú ọjọ́ tí wọ́n sábà máa ń gbé ọmọ wá bá wa. Wọ́n á ti fi omi oníyọ̀ gbígbóná fọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á ti ki kànáfùrù bọ ihò eyín, wọ́n á ti ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti wú kí wọ́n tó rántí wa. Ìwọ náà sì mọ̀ pé ibi tó bá ti wú báyẹn, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹran ara kú kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìrora ló kọ́kọ́ pàdé wa, ojú ìrora ló máa fi wò wá bó bá dàgbà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ilé la ti ń gbin púpọ̀ nínú ẹ̀rù náà. “Bí o kò bá jẹun, màá ní kí dókítà gún ọ lábẹ́rẹ́.” Ta ni wọn kò sọ ọ́ fún rí nígbà tó wà ní kékeré? Òbí mìíràn tún gbà pé eyín tí ọmọ máa pààrọ̀ ni, kí la fẹ́ da ara wa láàmú sí? Wọn kò mọ̀ pé lẹ́yìn 20 eyín àkọ́kọ́ yẹn, bí ọmọ bá ti ń tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín ńlá tó máa bá a dàgbà á yọ lẹ́yìn pátápátá láìjẹ́ pé ọ̀kankan yọ kúrò kó tó yọ. Wọ́n á kà á mọ́ eyín ọmọdé, kòkòrò á sì jẹ ẹ́ kí ọmọ tó wọ kíláàsì kẹta. Nítorí náà, bí o bá ti ń bá òbí sọ̀rọ̀, apá kan ìtọ́jú ẹ̀rù lò ń ṣe yẹn. Ní kí wọ́n mú ọmọ wá nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é, kó wá gun àga náà, kó ka eyín rẹ̀ nínú dígí, kó máa lọ ilé.

Ohun kan tún wà tó kan àwọn ọmọ wa gan-an. A ti kọ́ wọn pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í já àgbà lóhùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ké, wọn kò ní tapá. Wọ́n á kàn le gbandi lórí àga, ìka ẹsẹ̀ wọn á ká kò nínú ìbọ̀sẹ̀. Má ṣe ka irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìfaradà. Òṣùwọ̀n Frankl, tí a ti ń lò láti 1962, tó pín ọmọ sí ipele 4 lórí àga, ìṣe ọmọ ló ń wọ̀n. Kò mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí Ilé-Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́ Fọláyan wà lára wọn, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2002 àti 2004: wọ́n gbé ẹ̀rù òbí yẹ̀ wò mọ́ ti ọmọ, wọ́n sì wo ipa tí àṣà ń kó nínú bí ọmọ ṣe ń fi ẹ̀rù rẹ̀ hàn. Wá àwọn ìwé náà kà. Ní tèmi, mo máa ń há ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìlù ọkàn mọ́ ìka ọmọ, mo sì máa ń gbé àwòrán ojú 6 ti Wong-Baker fún un, láti èyí tó ń rẹ́rìn-ín dé èyí tó ń da omi lójú, kó fọwọ́ kan èyí tó jọ tirẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ fún àgbà pé “ẹ̀ ń pa mí lára” á fọwọ́ kan àwòrán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà. Ó ti pẹ́ tí ọgbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1968 ni Ivan Sutherland ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ adésójú kan jáde tí wọ́n so rọ̀ láti òkè àjà. Ṣùgbọ́n Seattle ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun èlò ìrora. Hunter Hoffman ti Yunifásítì Washington àti David Patterson, tó ń tọ́jú àwọn tí iná jó ní ilé ìwòsàn Harborview, ni wọ́n jọ ṣe é ní apá ìparí àwọn ọdún 1990. Bí wọ́n bá ń fọ egbò iná, oògùn ìrora tó lágbára jù pàápàá kì í ká a. Wọ́n wá ṣe ayé kan tí wọ́n pè ní SnowWorld. Ẹni tó bá dé ẹ̀rọ náà á máa gba àfonífojì oníyìnyín kọjá, á máa ju òkò yìnyín lu ère ènìyàn oníyìnyín àti ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan òtútù ni, nítorí iná ló jó ẹni náà.

Ní 2001, Hoffman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e wá sórí àga eyín. Àgbàlagbà méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tí èrìgì wọn ń ṣàìsàn tí a ní láti ha ìdọ̀tí kúrò lára gbòǹgbò eyín wọn. Ìgbà kan wọn kò wo nǹkan kan, ìgbà kan wọ́n wo fíìmù, ìgbà kan wọ́n wà nínú VR. Àwọn méjèèjì ló sọ pé inú VR ni ìrora náà ti kéré jù. Ní 2004, wọ́n fi ooru dán àwọn tí ara wọn dá wò, wọ́n sì ń ya àwòrán ọpọlọ wọn lọ́wọ́ kan náà. Ibi márùn-ún tó máa ń ta jí bí nǹkan bá ń dun ènìyàn ló rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nínú VR. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹni tó wà nínú VR kàn ń ṣe bí ẹni tí nǹkan kò dùn. Ìrora náà dín kù lóòótọ́.

Kí ló fà á? Ronald Melzack àti Patrick Wall ti ṣàlàyé ní 1965 pé ìròyìn ìrora ní ẹnu ọ̀nà tó ń gbà kọjá lọ sókè, àti pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ lè ní kí wọ́n pa ẹnu ọ̀nà náà dé díẹ̀. Ẹ̀rù a máa ṣí i gbayawu; ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ohun tó gba àfiyèsí a máa pa á dé. Àfiyèsí ènìyàn sì níwọ̀n. Wo ìyá ọlọ́jà tó ń ka owó: bí ẹnìkan bá kí i, iye tó kà dé á sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí VR ń ṣe fún ìrora nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n náà ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ṣì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Nínú VR, ojú rẹ̀ bò, etí rẹ̀ gbọ́ nǹkan mìíràn, ibi tó bá yí orí sí ni ayé yẹn á yí sí pẹ̀lú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti dán an wò lára àwọn ọmọdé ní India, ní Tọ́kì, ní Saudi Arabia àti ibòmíràn, fún abẹ́rẹ́, fún dídí eyín, fún yíyọ eyín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà ló sì sọ pé ẹ̀rù tàbí ìrora dín kù. Síbẹ̀, má ṣe lọ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹjọ́ ti parí. Nígbà tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 17 jọ ní 2020 lórí VR àti ìrora ọmọdé, tí àwọn ọmọ tó kópa níbẹ̀ jẹ́ 1,008, láti ọmọ ọdún 4 sí 18, wọ́n ní ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó láti fi gúnlẹ̀ sórí ìdáhùn kan. Ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kéré, kò sì sí bí a ṣe lè fi pamọ́ fún ọmọ pé ó dé VR tàbí kò dé e; ìdùnnú ohun tuntun nìkan lè mú kó sọ pé kò dun òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwọ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ tìrẹ: ọjọ́ orí ọmọ, ohun tí o ṣe fún un, àwòrán ojú tó fọwọ́ kàn, ìlù ọkàn rẹ̀, àti bóyá ó padà wá nígbà tí o pè é.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń lò ó. Láìpẹ́ yìí, ìyá kan mú ọmọbìnrin wọn wá, ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kòkòrò ti jẹ eyín ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì, ihò náà kò sì tíì jìn púpọ̀. Mo bọ́ ìbòmú, mo jókòó kí ojú mi lè ṣe déédéé pẹ̀lú tirẹ̀. Mo dé ẹ̀rọ náà sí ojú ara mi, mo gbé e fún ìyá rẹ̀, àwọn náà dé e, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, kó tó kan ọmọ. Irun ṣùkú ló dì, ọ̀já orí ẹ̀rọ náà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo tú ọ̀já náà, mo gbà á sísàlẹ̀ ìdí irun títí ó fi bá a mu. Mo wá sọ òtítọ́ fún un: “Abẹ́rẹ́ wà nínú ohun tí a máa ṣe lónìí. Màá kọ́kọ́ fi oògùn pa èrìgì rẹ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé, wàá mọ̀ ọ́n lára, màá sì máa ka ení, èjì. Kí n tó dé ẹ̀wá, ibi tó máa ń dun jù á ti kọjá. Bí o bá fẹ́ kí n dúró nígbàkigbà, gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.” Ó mi orí pé òun gbọ́.

Dígí nìkan ni mo kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu, mo ń ka eyín. Ó gbé ọwọ́ sókè. Kò sí ohun tó dùn ún. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá màá dúró ni. Mo yọ dígí, mo ká ọwọ́ mi sórí ẹsẹ̀. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, mo tún dúró. Ìgbà náà ni èjìká rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Mo wá dé ẹ̀rọ náà fún un, mo fi etí rẹ̀ kan sílẹ̀ kó lè máa gbọ́ ohùn mi. Ìsàlẹ̀ òkun ló ń wò. Mo ní kó máa ka ẹja tó ní ilà dúdú, kó fi ìka sọ iye wọn fún mi, nítorí ẹnu rẹ̀ kò ráyè. Nígbà tó kan abẹ́rẹ́, mo sọ ọ́ jáde pé ó ń bọ̀ nísinsìnyí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìka mẹ́ta wà lókè lọ́wọ́ òsì rẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Àwọn ìka náà gbọ̀n, wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo ń gbẹ́ eyín, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo dúró: omi ló ń dà sí i lọ́fun. A fà á kúrò, a tẹ̀ síwájú. Bí mo ti parí, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ẹ̀rọ náà, tó ní kí n fi ibi tí mo dí han òun nínú dígí.

Ọgbọ́n tó ti wà láti 1959 ni mo lò níbẹ̀, èyí tí Addelston kọ sílẹ̀: sọ fún ọmọ, fi hàn án, kí o tó ṣe é. VR kò pa òfin yẹn rẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fẹ́ lò ó láti fi abẹ́rẹ́ pamọ́. Má ṣe é láé. Ọmọ tí wọ́n fi ẹja tàn, tí abẹ́rẹ́ wá gún lójijì, kò ní gba ẹja gbọ́ mọ́, kò sì ní gba ìwọ náà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má ṣe rò pé ó lè rọ́pò abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹran ara kú. Ìrora tí ó yẹ kí oògùn pa, oògùn ni kó pa á. Ẹ̀rù ni ti VR, àti ìwọ̀nba ìrora tó bá ṣẹ́kù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló bá mu. Àwọn kan wà tí ohun tí wọn kò rí ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù; fún irú wọn ní dígí lọ́wọ́ kí wọ́n máa wò ọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọmọ tí kò fẹ́ dé e, má dé e fún un.

Bi òbí bóyá ọmọ ní wárápá tàbí gìrì kí o tó fi VR kàn án. Bí òòyì bá ń kọ́ ọmọ tàbí tí èébì bá ń gbé e, bọ́ ọ kíákíá. Wo ọjọ́ orí pẹ̀lú: ọmọ ọdún 13 sókè ni iléeṣẹ́ Meta tó ń ṣe ẹ̀rọ VR ń gbà láàyè tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 10 ní 2023 pẹ̀lú àṣẹ òbí, Sony fi ti PlayStation VR sí 12. Àwọn ọmọ kékeré wà nínú ìwádìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí wọn kéré, ẹyinjú wọn súnmọ́ ara ju bí awò náà ti fẹ́ lọ, ẹ̀rọ náà sì lè tó ìdajì kílò lórí ọrùn wọn. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tẹlifíṣọ̀n tí ẹ gbé kọ́ òkè àjà ti tó. Fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀, gba ìyọ̀ǹda òbí, kí ó sì jẹ́ ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Má lò ó bí iṣẹ́ bá wà ní eyín iwájú lókè, nítorí etí ẹ̀rọ náà á dí ọ lọ́wọ́. Yan àwòrán tó ń lọ jẹ́jẹ́ níwájú, èyí tí kò ní mú ọmọ yí orí nígbà tí irin wà lẹ́nu rẹ̀. Fi apakòkòrò nù ún lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí o sì ní fìlà pélébé tí ọmọ á kọ́kọ́ dé sórí, nítorí iná orí àti làpálàpá. Kí ẹ̀rọ náà sì ti gba iná kún kí ọmọ tó dé. Bí ayé òkun bá kú lójijì lójú ọmọ nígbà tí o ń gbẹ́ eyín, ẹ̀rù àná ló máa padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ àtàwọn ọ̀dọ́ bíi tìrẹ ṣe nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ wọ̀nyí ń sọ, yìnyín àti pẹ́ńgúìnì ló kún inú wọn. Hoffman yan yìnyín nítorí ẹni tó ń tọ́jú. Àwa náà ẹ jẹ́ ká yan tiwa. Kámẹ́rà tó ń ya gbogbo àyíká kò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ọmọ tó wà lórí àga wo omi Olúmirìn bó ṣe ń já láti ìpele dé ìpele, kó ka ìpele méjèèje. Ẹ fi ohùn àgbà kan tó mọ àlọ́ pa sí i, kó máa sọ ìtàn Ìjàpá ní Yorùbá tí ọmọ gbọ́ yé. Kí ẹ sì ya fídíò kúkúrú nínú yàrá ìtọ́jú yín gan-an, láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga, kí ìyá lè fi fóònù hàn án nílé kí ọjọ́ tó pé. Èyí kò ní ná yín ní owó púpọ̀, ó sì lè ṣe ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Bí ẹ̀rọ náà bá ti dé, kí o tó dé e fún ọmọ ọlọ́mọ, sùn sórí àga yín, dé e, la ẹnu. Ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ kan fọ eyín rẹ láìsọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ. Lẹ́yìn náà, kó tún un ṣe, kó máa sọ ohun gbogbo kó tó ṣe é, kó sì dúró nígbà tí o bá gbé ọwọ́. Àwòrán kan náà ni kí o wò lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kọ bó ṣe rí lára rẹ sílẹ̀, kí o sì kà á fún gbogbo àwọn tó máa lo ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ará ilé. Ọlọ́run á fún ọ ní sùúrù, ọwọ́ rẹ kò ní ṣì lórí ọmọ ẹnìkan.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́.